Orí Tó Ń Fọ́ Gbogbo Ilé Lẹ́ẹ̀kan Náà Lè Má Jẹ́ Ibà



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí káńtà kẹ́míìsì wa ní Òkè Àrin, nínú ààwẹ̀ Rámàdáánì kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀.

Ìyá kan láti agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó wọlé tọ̀ wá wá láàárọ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lóògùn ibà, ti èèyàn mẹ́rin. Láti ìgbà sààrì ni orí ti ń fọ́ èmi àtàwọn ọmọ. Èyí tó kéré jù tiẹ̀ ti bì lẹ́ẹ̀mejì.” Ọjà ń lọ lọ́wọ́, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A kó òògùn ibà àti parasitámọ̀ fún un, a ṣàdúà fún wọn, ó sì lọ. A kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àṣìṣe wa nìyẹn, a sì ń sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, a wà ní mọ́sáláṣí, a ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ìrun Àsùbáà, nígbà tí wọ́n sáré wá pè wá. Wọ́n jí ọmọbìnrin ìyá náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé kó wá jẹ sààrì, kò dìde. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró jẹnẹrétọ̀ nínú kọ́rídọ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ti aládùúgbò wọn ni. Ó gbé e síbẹ̀ kí olè má bàa jí i gbé. Èéfín rẹ̀ ń bá àtẹ̀gùn gòkè, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí ìyá àtàwọn ọmọ mẹ́ta ń sùn sí. Wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn.

A gbé ọmọ bọ́ sí gbangba, a ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, a sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fi ọ́ksíjìn sí i nímú. Alhamdulillah, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe sààrì tó jí wọn lóru yẹn, ta ni ìbá jí ẹnikẹ́ni nínú wọn?

Ohun tó ń pani nínú èéfín

Gbogbo ohun tí a ń dáná sí, ìbáà jẹ́ bẹtiróòlù, dísù, kẹrosíìnì, gáàsì, eédú tàbí igi, ó nílò afẹ́fẹ́ tútù kó tó lè jó tán. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré sí i, kò ní jó tán, ìgbà náà ló máa ń tú gáàsì kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ ń tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀ bó ti wù kó dára tó. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ òórùn èéfín nínú yàrá kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni èròjà pupa kan wà tó ń gbé ọ́ksíjìn kiri ara. Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà náà ju bí ọ́ksíjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó ju 200. Ẹ wò ó bí ìjókòó inú dánfó: gáàsì yìí á ti jókòó, kò ní fẹ́ dìde, ọ́ksíjìn á sì dúró sí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Ọpọlọ àti ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ rí ìyà rẹ̀. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ẹyẹ kékeré sínú àgò wọ inú ihò ilẹ̀ lọ. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú, wọ́n mọ̀ pé gáàsì yìí ti dé, wọ́n á sá jáde. Nínú ilé tiwa, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn arúgbó àti aláboyún ló wà nípò ẹyẹ yẹn. Ọmọ inú oyún tiẹ̀ lè fara gbá a ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ilé tó há nìkan ló ń bá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n bá ọ̀dọ́ méje lókùú nínú sítúdíò orin kan ní Amarata, ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ara wọn le.

Ọ̀nà ìwọlé, ọ̀nà àbájáde

Àwọn ará wa tó wà ní ìlú òtútù, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ amúlégbóná nílé tó ń jo epo tàbí gáàsì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà méjì fún un. Èkíní ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà dé ibi iná. Èkejì ni páìpù tó ń gbé èéfín jáde pátápátá kúrò nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àkísà dí ihò afẹ́fẹ́ nítorí òtútù, tàbí tí ẹyẹ bá kọ́ ìtẹ́ sínú páìpù náà, ewu dé. Ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ England, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, fi sọ ọ́ di dandan fún onílé tó ń fi ilé rẹ́ǹtì láti fi ẹ̀rọ tó ń pariwo bí gáàsì yìí bá dé sínú gbogbo yàrá tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Sítóòfù gáàsì tí a fi ń dáná oúnjẹ nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀.

Àwa kò ní òtútù ní Èkó, ṣùgbọ́n a ní iná nílé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà méjì yẹn yẹ ilé tiwa wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour”, tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò ní ọ̀nà kankan nínú méjèèjì: afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ilé ń mí ló ń fà, inú ilé kan náà ló sì ń tú èéfín rẹ̀ sí. Bákan náà ni ìkòkò eédú tí a gbé wọ yàrá nítorí òjò tàbí nítorí tùràrí, àti sítóòfù kẹrosíìnì tó ń jó nínú ilé ìdáná tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Eédú tó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, tí kò rú èéfín mọ́, ló ń tan èèyàn jẹ jù. Gáàsì yìí ṣì ń ti inú rẹ̀ jáde.

Àwọn kan á ní, “A ṣí fèrèsé o, a sì tan fáànù.” Kò tó. Fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ ni èéfín ń gbà wọlé, fáànù sì kàn ń da afẹ́fẹ́ inú yàrá rú ni.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó lo òògùn ibà

Orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara rẹ èèyàn: bí ibà ṣe ń ṣe nìyẹn, bí gáàsì yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Láti ọjọ́ tí a ti sọ fún yín yìí, ìbéèrè mẹ́ta la máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá wá ra òògùn fún gbogbo ilé.

Èkíní: ṣé ẹ̀yin tí ẹ jọ sùn síbì kan ni orí ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ibà kì í sábà mú èèyàn mẹ́rin láàárọ̀ kan ṣoṣo. Èkejì: ṣé ara máa ń fúyẹ́ bí ẹ bá ti jáde nílé, tó sì tún ń padà wá lóru? Ẹ̀kẹta: kí ló jó nílé tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé lóru àná? Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjì àkọ́kọ́. Baba àwọn ọmọ, tó ń sùn ní ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà, orí kò fọ́ ọ rárá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ìka láti wọn ọ́ksíjìn lè sọ pé kò séwu nígbà tí ewu wà, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́ksíjìn àti gáàsì yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ tàbí eédú jó nílé, kó lè mọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí yóò ṣe.

Níbo ni ká gbé e sí?

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn nǹkan bíi mítà 6, kí ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ sì kọjú síbi tí kò sí ilé. A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà àárín ilé sí ilé lè má ju ibi tí èèyàn méjì á gbà kọjá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gáàsì kò mọ̀ pé ààyè kò sí. Ibi tí ààyè yẹn kò bá sí, ibẹ̀ kò gba jẹnẹrétọ̀ lóru.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí agbo ilé jọ jókòó. Wọ́n lè da owó pọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e sí ibi tó ṣí gbangba, kí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ irin nítorí olè. Wọ́n lè fi aago sí i, kí ó má kọjá ìgbà tí ọmọdé bá wọlé sùn. Iná tí a fi ń jẹ sààrì kò ju ti àtùpà tí a ń ṣáàjì lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lè ra sólà kékeré tàbí inverter. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń pariwo bí gáàsì yìí bá dé, ẹ má fi ti iná jíjó pè é. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ògiri àwọn obìnrin ni jẹnẹrétọ̀ mọ́sáláṣí tiwa wà fún ọdún púpọ̀. Àwọn ìyá wa ń ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn lẹ́yìn àsàmù, a ní ooru ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn la tó gbé e kúrò. Ráhùn náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun tí ẹ̀sìn wa ti sọ

Ìmáàmù Bùkárì gbà á wá pé ilé kan jóná lóru ní Mẹ̀dínà mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó jẹ́ kó yé wọn pé ọ̀tá ni iná jẹ́ fún wa, ó sì pàṣẹ pé ká máa pa á kí a tó sùn. Nínú Súrà Bàkárà, ẹsẹ 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Bẹ́ẹ̀ la sì mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ aburú rẹ̀ kò pé. Ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn kò ní ibi lọ́kàn. Àwa la kò sọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, ẹ ti mọ̀ báyìí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tètè gbé ẹni náà jáde sí gbangba, ẹ má pẹ́ nínú yàrá. Ẹ pa ohun tó ń jó. Ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà ìdóòlà ẹ̀mí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yìí wà, kì í ṣe inú ikùn, ohun mímu sì lè pa ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lórí. Ọ́ksíjìn ni òògùn rẹ̀. Bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gba bíi wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò lára. Bí wọ́n bá fi ọ́ksíjìn pọ́ńbélé sí i nímú nílé ìwòsàn, kì í ju nǹkan bíi wákàtí kan sí ọ̀kan àbọ̀ lọ. Kódà bí ẹni náà bá là jú, ẹ ṣì gbé e lọ.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ rìn yí ilé yín ká. Ẹ wo ohun tó ń jó, ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Èyí tí kò bá ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ pa á.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé wa, kó jẹ́ ká jí ire. Àmín.