Kámẹ́rà kékeré àti kámẹ́rà DSLR alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Kámẹ́rà kékeré àti kámẹ́rà DSLR alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ oríṣi ẹ̀rọ ayàwòrán méjì tí ẹni tí fóònù kò tó mọ́ sábà máa ń yan ọ̀kan nínú wọn. Kámẹ́rà kékeré ni èyí tí ó ṣeé kì bọ àpò, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì ṣeé yọ. DSLR ni èyí tí ó ní dígí nínú, tí ayàwòrán ń fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí lẹ́ǹsì ń wò, tí a sì lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ sí òmíràn. Wọ́n ń pè é ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí owó rẹ̀ bá kéré jù lọ láàárín irú rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe. Canon 300D, tí ó jáde ní ọdún 2003, ni ó kọ́kọ́ gbé irú kámẹ́rà yìí wá sí ìsàlẹ̀ 1,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Canon 4000D àti Nikon D3500, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2018, wà lára àwọn tí ó kẹ́yìn.

Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùsìn, ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yíyan láàárín méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń ra kámẹ́rà ń rà á láti fi jẹun ni: ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ayẹyẹ oyè ni ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lè máa wo owó tí ó fi ọdún kan kó jọ bí ó ti ń jókòó sínú àpótí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ kan tí ó wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, àwo yìí fẹ̀ tó mílímítà 6.2, ó sì ga tó mílímítà 4.6, ó kéré sí èékánná ọmọńdinrín. Ti Nikon D3500 jẹ́ mílímítà 23.5 sí 15.6. Bí a bá ṣírò ojú àwo méjèèjì, ti DSLR fẹ̀ tó ìlọ́po 13 ti èkejì. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sínú agbada àti sínú ife, ṣùgbọ́n omi inú wọn kò lè dọ́gba. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kámẹ́rà kékeré á máa fi agídí fẹ ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó rí gbà, àwòrán á sì kún fún àmì wínníwínní bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i lójú. Iye mẹgapísẹ̀lì tí àwọn ọlọ́jà máa ń kọ gàdàgbà sára páálí kò sọ ohunkóhun nípa èyí. Kámẹ́rà kékeré lè ní 20, kí Canon 4000D sì ní 18 péré, síbẹ̀ kí ti Canon mọ́ jù ú lọ ní alẹ́.

Ìyàtọ̀ kejì ni dígí. Nínú DSLR, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú lẹ́ǹsì wọlé, dígí á tari rẹ̀ sókè sí ihò tí ayàwòrán ń yọjú sí. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí á gbéra sókè, ṣọ́tà á ṣí, àwo á sì gba àwòrán. Nítorí pé kì í ṣe ojú iná ni ayàwòrán ń wò, oòrùn ọ̀sán kò lè pa ohun tí ó ń rí, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì kì í tètè tán. Ìlànà ìdíwọ̀n CIPA, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan, fún D3500 ní àwòrán 1,550 lórí bátìrì kan. Ó fún Canon SX700 HS, tí ó jẹ́ kámẹ́rà kékeré, ní 250. Ní ibi tí iná ọba kò ti dájú, èyí nìkan ti tó láti mú kí ẹlòmíràn gbé DSLR.

Ojúde Ọba gẹ́gẹ́ bí ìdánwò

Ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ni ọjọ́ tí kámẹ́rà máa ń pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń jó wọlé nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ìdílé Balógun á sì máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti jígí ojú àti sìgá ńlá, tàn ká gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti ọdún 2025 ni ó kẹ́yìn nígbà ayé Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, ẹni tí ó ti wà lórí oyè láti ọdún 1960, tí ó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún náà. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò bá yà dáadáa ní ọjọ́ náà kò tún ṣeé lọ yà mọ́.

Níbí ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra DSLR ti máa ń bá ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́ pàdé. Lẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn, ìyẹn 18-55, kò fa nǹkan jíjìn mọ́ra tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹni tí ó jókòó sí àárín èrò òǹwòran á rí ẹṣin ní kékeré láàárín pápá. SX700 HS tí ó wà nínú àpò ẹnìkejì rẹ̀ lè fà á mọ́ra ní ìlọ́po 30. Kámẹ́rà tí ó rí kékeré yìí ni yóò sì rí ojú ẹni tí ó gun ẹṣin kedere, bí ẹṣin bá dúró. Bí ẹṣin bá ń sáré ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré máa ń wá ojú ohun tí wọ́n fẹ́ yà nípa sísún lẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn títí yóò fi mọ́. DSLR ní ẹ̀yà ara ọ̀tọ̀ tí ń wọn ìjìnnà ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí ti kékeré tó rí i, ẹṣin ti kọjá, ìrù rẹ̀ ni àwòrán á gbé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún wà níbẹ̀. Kámẹ́rà máa ń gbà pé gbogbo ohun tí ó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, yóò jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí léèsì funfun bá gba gbogbo ojú àwòrán, ẹ̀rọ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ènìyàn dúdú tí ó wọ aṣọ náà á sì ṣókùnkùn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Orí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ni a ti lè ṣe èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gbogbo DSLR ló tún lè tọ́jú àwòrán ní RAW, ìyẹn ní tútù, kí a tó sè é, tí a fi lè mú ojú mọ́ sí i lẹ́yìn náà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ní èyí.

Nínú igbó àti nínú ilé

Ẹrédò Súńgbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, tí ó sì jìn tó mítà 20 ní àwọn ibì kan, jẹ́ irú ibi mìíràn: igi bo orí rẹ̀, òkùnkùn sì wà nísàlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ènìyàn á retí pé DSLR ni yóò borí níbẹ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Sony RX100, kámẹ́rà kékeré tí ó jáde ní ọdún 2012, ní àwo tí ó tó mílímítà 13.2 sí 8.8, ihò lẹ́ǹsì rẹ̀ sì lè ṣí dé f/1.8. Ti 18-55 kò lè ṣí kọjá f/3.5. Bí a bá fi ìṣírò ihò àti ti àwo pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi tí lẹ́ǹsì ti fẹ̀ jù lọ. DSLR tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì yí padà kì í ju kámẹ́rà kékeré tó dára lọ púpọ̀. Agbára rẹ̀ wà nínú lẹ́ǹsì kejì. Fún ẹni tí kò ní ra lẹ́ǹsì kejì láéláé, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àṣedànù.

Lẹ́ǹsì kejì tí ó wọ́pọ̀ jù ni 50mm f/1.8, tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì dára fún àwòrán ojú ènìyàn. Nínú iyàrá tóóró, bí èyí tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ, ó máa ń súnmọ́ni jù. Àwọn tí ó ń lo Nikon ní láti ṣọ́ra sí i: D3500 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní mọ́tò inú tí ń yí lẹ́ǹsì àtijọ́. 50mm f/1.8D tí ó pọ̀ lórí àtẹ tòkunbọ̀ á wọ̀ ọ́, á sì ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ayàwòrán á máa fi yí i. Èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára ni kí ó béèrè.

Ìgbà tí kékeré yẹ jù

Kámẹ́rà ńlá máa ń kéde ara rẹ̀. Ìmùsìn wà lára àwọn ìlú Ìjẹ̀bú tí ó ní Agẹmọ tirẹ̀, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí Agẹmọ lójú ọ̀nà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà kékeré tàbí ńlá, àṣẹ àwọn àgbà ni ó ṣáájú. Níbi tí a bá ti gbà láyè, bíi nínú ọjà tàbí ní ẹ̀yìnkùlé ìdílé, àwọn ènìyàn kì í yára na ara fún kámẹ́rà tí ó bá kéré. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba ìtàn ẹnu sílẹ̀ lọ́dọ̀ arúgbó, èyí lè ṣe pàtàkì ju bí àwo ṣe fẹ̀ tó lọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí àwọn àwòrán irun dídì rẹ̀ di olókìkí káàkiri àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950 pẹ̀lú Brownie D kan tí kò ní fíláàṣì.

Ọjà tòkunbọ̀

Nikon dáwọ́ dúró lórí D3500 ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti kọjú sí kámẹ́rà aláìnídígí. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ DSLR alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà lọ́jà báyìí, owó wọn sì ti wálẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùrà béèrè ni iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Nǹkan bíi 100,000 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún nínú irú èyí, a sì lè rí iye rẹ̀ nínú fáìlì àwòrán Nikon bí a bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé lẹ́ǹsì sójú ìmọ́lẹ̀ kí ó wò ó bóyá ẹ̀bu ti hù nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, nítorí ọ̀rinrin ìgbà òjò máa ń bí i, kò sì rọrùn láti nù. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku máa ń wọ orí àwo nígbà tí a bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, ó sì máa ń hàn bí àmì dúdú lórí ojú ọ̀run nínú gbogbo àwòrán. Kámẹ́rà kékeré kò ní ìyọnu pípààrọ̀ lẹ́ǹsì yìí, ṣùgbọ́n bí eruku bá wọ inú lẹ́ǹsì tirẹ̀ gan-an, títú ni wọn yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n tó lè nù ún.