Ẹni tó ta ìbọn ńkọ́? Ohun tí òfin sọ nígbà tí wọ́n bá fi ìbọn pa èèyàn

Tí wọ́n bá fi ìbọn jalè tàbí tí wọ́n fi pa èèyàn, gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó yìn ín ni wọ́n máa wá mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ìbọn náà fún un ńkọ́? Ṣé tó bá ti gba owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò kàn án mọ́ nìyẹn? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyí, torí pé etí ààlà la wà, ìbọn ọdẹ sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin kò jìnnà sí èyí. Àmọ́ kó tó dá ẹni tó ta ìbọn lẹ́bi, ohun méjì ló máa ń béèrè: kí ni ó mọ̀, báwo ló sì ṣe tà á?

Ohun tí òfin wa sọ

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí lè gbà dé iwájú adájọ́.

Èkíní ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé, ẹni tó bá fún ọ̀daràn ní ohun ìjà, tó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ibi ló fẹ́ fi ṣe, ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Òun ni wọ́n ń pè ní complice. Ì báà máà sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀.

Èkejì ni ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú. Code civil, ní article 1382 àti 1383, sọ pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe gbọ́dọ̀ san ohun tó bàjẹ́, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, tàbí àìbìkítà ni. Níbí, kò pọn dandan kí ẹni tó ta ìbọn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tó bá tà á fún ọmọdé, tàbí fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, adájọ́ lè sọ pé àìbìkítà rẹ̀ wà lára ohun tó fa ikú. Ẹbí ẹni tó kú lè bá wọn wọ ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bíi partie civile, kí wọ́n sì béèrè owó.

Àwọn kan á ní: ṣé wọ́n máa ń mú alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá tí wọ́n fi ṣá èèyàn ni? Rárá o. Àdá kò nílò ìwé àṣẹ, ìbọn nílò rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó béèrè ìwé kó tó tajà, tí kò béèrè, àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tà á bó ṣe yẹ, fún ẹni tó yẹ, kò sí ẹ̀bi tí wọ́n máa kà sí i lọ́rùn.

Bí wọ́n ṣe ja ẹjọ́ náà ní Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn pọ̀ sí lọ́wọ́ ará ìlú, ti ja irú ẹjọ́ yìí gan-an. Ní 2005, wọ́n ṣe òfin kan tó dáàbò bo àwọn tó ń ṣe ìbọn àti àwọn tó ń tà á: wọn ò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ kìkì nítorí pé ọ̀daràn lo ìbọn wọn. Àmọ́ òfin náà ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ọjà ìbọn kò ní ààbò yẹn.

Ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn ọlọ́pàá méjì gbà wọlé ní Milwaukee. Ní 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, tí òfin kò gbà kó ra ìbọn ìléwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mú ẹlòmíràn lọ bá a rà á. Àwọn méjèèjì jọ wọ ṣọ́ọ̀bù Badger Guns ni. Ìbọn yẹn ló fi yin àwọn ọlọ́pàá náà. Orí ló kó wọn yọ. Ní 2015, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé ó yẹ kí ẹni tó tà á ti fura, wọ́n sì ní kí ṣọ́ọ̀bù náà san owó tó fẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 6 dọ́là.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò pe àwọn tó ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní 2021, pé ìbọn wọn ló ń dé ọwọ́ àwọn ọ̀daràn ní Mẹ́síkò. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà da ẹjọ́ náà nù: Mẹ́síkò kò fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà dìídì ran ọ̀daràn lọ́wọ́.

Kí ló dé tó fi le lọ́dọ̀ wa?

Ẹ wo ohun kan nínú ẹjọ́ Milwaukee yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó ta ìbọn? Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀bù sì wà nílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìbọn ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í sábà ní nọ́ńbà. Ó lè ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, kó sì ti ibẹ̀ dé ọwọ́ àlejò, láìsí ìwé kankan. Ọjọ́ tó bá pa èèyàn, ta ni wọ́n máa mú? Òfin wà, àmọ́ kò rí ẹni tó máa dì mú.

Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, Bẹ̀nẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣe tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí àwọn ohun ìjà kéékèèké ní Abuja, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 2006. Ó ní kí wọ́n máa fi àmì sára ìbọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ará ìlú tó fẹ́ ní ìbọn gba ìwé àṣẹ, kó sì fi hàn pé òun ní ibi tó dáa láti tọ́jú rẹ̀, ìbọn lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀. Ní Nàìjíríà náà, láti 1959 ni òfin ìbọn wọn ti ní kí ẹni tó bá ní ìbọn ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìbọn gba Igolo láìní ìwé ti rú òfin ní ìhà méjèèjì.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ má ta ìbọn lọ́wọ́-sí-ọwọ́. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yín ra ìbọn. Tí ìbọn bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, ẹ tètè lọ sọ ọ́ ní kọmísáríà, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa wá lọ́jọ́ tó bá pa èèyàn. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ béèrè ohun tí òfin ní kí ẹ ṣe kí ẹ tó rọ òmíràn.

Ẹ̀yin tí wọ́n sì pa èèyàn yín, ẹ má fi mọ sórí ẹni tó yin ìbọn nìkan. Ẹ béèrè níwájú adájọ́ pé: ibo ló ti rí i?