Oko Màlúù tó Bí Johannesburg

Johannesburg kò ní odò ńlá kankan. Ìsun omi kéékèèké àti koríko ló mú àwọn Bóà, àgbẹ̀ Òyìnbó tó ti gúúsù wá, tẹ̀dó sórí òkè tí ìlú náà wà láti nǹkan bí ọdún 1850. Níbi tí omi bá ti ń sun ni ẹbí kan á kọ́lé sí, tí wọ́n á da màlúù sí pápá. Ní ìgbà òtútù tí koríko orí òkè kò bá lóore mọ́, wọ́n á da ẹran sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tó móoru.

Bí wọ́n ṣe ń wọn oko nígbà náà yani lẹ́nu. Ẹlẹ́ṣin kan á gbéra láti àárín ilẹ̀, ẹṣin á rọra rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá dé, ààlà nìyẹn. Irú oko bẹ́ẹ̀ lè tó hẹ́kítà 2,500.

Ẹbí Bezuidenhout ló ni oko kan tó ń jẹ́ Doornfontein. Oko Braamfontein àti Turffontein bá a pààlà, ṣùgbọ́n àwọn ààlà náà kò pàdé dáadáa, ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan sì ṣẹ́ kù sáàárín. Randjeslaagte ni wọ́n ń pè é. Kò sí àgbẹ̀ tó gbà á, ó di ti ìjọba.

Àfi bí wúrà ṣe jáde ní Langlaagte, oko ẹbí Oosthuizen, lọ́dún 1886. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba kéde oko mẹ́sàn-án pé ilẹ̀ ìwakùsà ni wọ́n. Apá gúúsù Doornfontein wà lára wọn. Àwọn awakùsà ń fẹ́ ibi tí wọn yóò gbé, ilẹ̀ onígun mẹ́ta Randjeslaagte yẹn sì ni wọ́n gé sí pulọ́ọ̀tì. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní gbàǹjo. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èèyàn bí 100,000 ló wà nílùú náà. Igun òkè ilẹ̀ ọ̀hún kò jìnnà sí Hillbrow, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé lónìí.

Doornfontein di àdúgbò àwọn olówó wúrà. Pápá ìṣeré Ellis Park wà níbẹ̀, níbi tí Mandela ti gbé ife-ẹ̀yẹ rọ́gíbì fún South Africa lọ́dún 1995. Ilé oko àtijọ́ àti itẹ́ òkú ẹbí Bezuidenhout ṣì wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó ń jẹ́ Bezuidenhout Park.

Ṣùgbọ́n irọ́ gbáà ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni àwọn Bóà bá. Ní Klipriviersberg, ní gúúsù ìlú, ògiri òkúta tí àwọn Tswana fi ṣe agbo màlúù wọn ṣì wà títí dòní. Ogun tó jà ní àwọn ọdún 1820 tú ọ̀pọ̀ wọn ká kí Òyìnbó tó dé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ló wá burú jù: ó fi aláwọ̀ dúdú mọ sórí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tó ń da ẹran tiwọn lórí oko Òyìnbó ní láti di alágbàṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Akọ̀ròyìn Sol Plaatje gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn lójú ọ̀nà, ó rí àwọn ìdílé tí kò ní ibi tí wọ́n lè da ẹran sí, tí ebi ń pa màlúù wọn kú, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1916.