Ta Ni Yóò Dúró Ti Màmá?

Ẹ̀yin ará wa ní London àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó ń ká ọ̀pọ̀ nínú wa lára.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá òun jẹun ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ wo lọmú rẹ̀ ń gbẹ? Ọmọ márùn-ún lè wà nínú ẹbí, kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo, obìnrin sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, ni gbogbo wọn á na ìka sí. Wọ́n á ní, "Ìwọ lo sún mọ́ wọn jù." Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọdún kan péré ló kù kí ẹni yẹn gboyè ní yunifásítì. Bó bá fi ìwé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Bí kò bá fi sílẹ̀, wọ́n á ní ìlú òyìnbó ti bà á jẹ́.

Ẹ gbọ́ ná, Màmá tó kiri ọjà nítorí owó ilé ìwé wa, ṣé wọ́n fẹ́ kí ìwé náà dúró lágbedeméjì ni?

Ó yẹ ká mọ ohun tí òfin ibí wí. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú arúgbó tó gbára lé e, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ọ̀gá sanwó ọ̀sẹ̀ náà. Ní England, owó ìrànwọ́ Carer's Allowance wà fún ẹni tó ń fi wákàtí 35 ó kéré tán lọ́sẹ̀ tọ́jú aláìlera tí òun náà ń gba owó bíi Attendance Allowance. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi wákàtí 21 lọ́sẹ̀ kàwé kò lè gbà á. Ẹni tí físà rẹ̀ kò fàyè gba owó ìjọba, kó yáa jìnnà sí i.

Bí Màmá bá wà nílé ńkọ́? Láti ọdún 2012 ni òfin mímú òbí wá gbé níbí ti le gan-an: a gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí irú ìtọ́jú tí wọ́n nílò nílé, tàbí pé apá wa ò ká owó rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò tó wà n'Ìbàdàn ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Òun náà ní ohun tó fẹ́ dà láyé o! Owó tí à ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n owó kì í gbé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ pe ìpàdé ẹbí kí àìsàn tó dé. Ẹ bi Màmá fúnra wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò sùn tì wọ́n ní Sátidé, ta ni yóò rí dókítà, ta ni yóò sanwó ẹni tí ń ran ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó wà ní England, ẹ lè ní kí káńsù wá ṣe carer's assessment fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin ọdún 2014.

Àjèjì ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ìyá wa tọ́jú, àwa náà á sì dé ibi tí à ń lọ. Àṣẹ.