Agbára àti Okun lórí Ojú-Ìwọ̀n Ọkọ̀ Oníbátìrì

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ọkọ̀ Tesla Model 3 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a bọ́ sí títì márosẹ̀, mo fẹ́ mọ bí eré tí a ń sá ti tó, mo sì na ọrùn wo ẹ̀yìn sítíárìn, níbi tí gbogbo wa ti mọ̀ pé ojú máìlì máa ń wà. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n tẹ́ láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Gíláàsì ńlá kan tí ó jẹ́ ínṣì 15 ni ó wà ní àárín ọkọ̀, igun rẹ̀ òkè tí ó súnmọ́ awakọ̀ ni wọ́n sì kọ iye eré sí. Awakọ̀ ní láti yí ojú díẹ̀ kúrò lọ́nà kí ó tó rí i.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà gbàgbé. Model S tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 ní ojú tirẹ̀ níwájú awakọ̀. Nígbà tí Model 3 jáde ní 2017 ni wọ́n kó ohun gbogbo sórí gíláàsì kan ṣoṣo, Model Y tí ó tẹ̀ lé e ní 2020 sì tọ ipa kan náà. Ó wu àwọn kan bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò wù ni wọ́n ń ra ojú kékeré mìíràn tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn sítíárìn. Nígbà tí mo tún padà dé Houston, ọmọ wa náà ti ṣe tirẹ̀. Ó ra gíláàsì kékeré àti kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó kọ ìlànà tí yóò máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun fi Yorùbá kọ ohun tí yóò máa hàn lójú rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ń bá wọn gbé, Yorùbá nìkan ni ìyá náà sì ń kà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré náà ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ohun èlò náà lórúkọ. “Ojú awakọ̀” kò lè ṣe é, nítorí ojú tí ó wà lórí dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ni ènìyàn yóò rò. “Àfihàn awakọ̀” náà kò dára, ó dàbí ẹni pé a fẹ́ kó àwọn dírẹ́bà jáde kí ará ìlú wò wọ́n. Ṣùgbọ́n a ní “ojú aago,” àwọn mẹ́káníìkì wa sì ń sọ pé “ojú máìlì.” Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá ń wò láti mọ ìwọ̀n nǹkan, ojú-ìwọ̀n ni mo dábàá pé kí a máa pè é. Ti pé kì í ṣe ara ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún un tí ó jẹ́ “ẹ̀yìn ọjà” bí a bá tú u lẹ́yọ-lẹ́yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti kọ “ohun èlò ẹ̀yìn ọjà” rí, ẹni tí ó kà á sì bi í bóyá wọ́n jí i ni. Àfikún ẹ̀yìn-ìrà ni mo fara mọ́: ohun tí a fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí a ti rà á.

Ibo ni ojú-ìwọ̀n àfikún ti ń rí ìròyìn? Kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú ọkọ̀ òde òní. Ọ̀kan ń ṣọ́ bátìrì, ọ̀kan ń darí ẹ̀rọ tí ń yí táyà, ọ̀kan ń ṣọ́ bíréèkì. Dípò kí wáyà máa lọ láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara gbogbo ìyókù, wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni wọ́n jọ ń lò. Ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ni ó gbé ètò náà jáde ní 1986. CAN ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe irú wáyà àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí orúkọ ọkọ̀ èrò, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn.” Ògbufọ̀ tí ó bá kọ “bọ́ọ̀sì” yóò mú kí olùkà máa wá ibi tí èrò wọ̀. Wáyà akéde ni mo pè é, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ìkéde kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìròyìn tí kò ju báìtì 8 lọ a sì tẹ̀ lé nọ́ńbà náà. A kì í dárúkọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́. Gbogbo wọn ni ó ń gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni yóò mú un lò, gẹ́gẹ́ bí ará ilé ṣe máa ń gbọ́ agogo akéde lójú pópó.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ti akéde ìlú ni pé ẹni púpọ̀ lè fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì bá bẹ̀rẹ̀ pọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni àgbà. Èkejì yóò gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí ó wà lórí wáyà kì í ṣe ohun tí òun sọ, yóò dákẹ́, yóò sì dúró de ìgbà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà kò ní í já, kò sì ní í sí pé kí ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ètò yìí, kò sí èyí tí ó tó ipò àgbà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lóye rẹ̀ kí n tó ṣàlàyé tán, àfi pé ó yà wọ́n lẹ́nu pé nọ́ńbà kékeré ni ó ń jẹ́ àgbà.

Lára wáyà akéde yìí ni a ti ń so ojú-ìwọ̀n àfikún. Nínú Model 3, abẹ́ àpótí tí ó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì ni wọ́n máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ẹ̀yìn. Irú orí wáyà tí ó bá a mu sì yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún tí a ṣe ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rìwáyà. Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé kí ohun èlò náà jẹ́ agbọ́-má-fèsì. Àwọn kan wà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ sórí wáyà náà pẹ̀lú, bí àpẹẹrẹ láti ṣí búùtù, ṣùgbọ́n wáyà akéde kì í bi ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ pé ọmọ ta ni ọ́. Ìkéde tí kò tọ́ lè rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Bákan náà, ìlànà tuntun tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ láti orí afẹ́fẹ́ lè yí ètò ìkéde padà. Nígbà náà ojú-ìwọ̀n àfikún lè ya adití. Èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí ó máa fi nọ́ńbà irọ́ hàn. Ìdí nìyí tí ọmọ wa fi sọ pé òun kò jẹ́ gbàgbé eré tí ó wà lórí gíláàsì àárín.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mo kọ fún un, méjì jẹ́ “agbára.” Ìlà kan sọ agbára tí ọkọ̀ ń lò, ìlà kejì sọ agbára tí ó kù nínú bátìrì. Gíláàsì náà kéré, kò gba gbólóhùn gígùn, nítorí náà “AGBÁRA” nìkan ni ó hàn nínú ìlà méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ lójú títì. Nọ́ńbà ìlà òkè fò kọjá 100. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó já sí 3. Ìyá rẹ̀ lọgun: “Agbára ti tán o! Dúró!” Ọmọ náà ta gìrì, ó sì tẹ bíréèkì díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí a wí yìí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà òkè jẹ́ kìlówáàtì, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì-wákàtí. Èkínní ni bí bátìrì ṣe ń ná ohun tí ó ní ní ìṣẹ́jú yìí. Èkejì ni ohun tí ó ṣì wà nínú rẹ̀. Bátìrì Model 3 tí ó ń rìn jìnnà ní ẹyọ 4,416, a so wọ́n ní ìdìpọ̀ 96 tí ó tò tẹ̀ lé ara. Bí ó bá wà ní fóltì 350, tí ámpíà 200 sì ń ṣàn láti inú rẹ̀, ìlọ́po àwọn méjèèjì jẹ́ wáàtì 70,000, èyí ni kìlówáàtì 70. Lójú ẹsẹ̀ tí a bá gbé ẹsẹ̀, ó lè di 3. Ṣùgbọ́n kìlówáàtì-wákàtí bíi 75 tí bátìrì náà ń gbà kò lè tán wìrì bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń ná kìlówáàtì 15 láìyí padà, yóò gbà wá ní wákàtí 5. Ẹni tí ó bá ti pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù rí mọ̀ pé bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yàtọ̀ sí iye omi tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó kù sí lọ́wọ́, a sì ti jẹ́ kí “agbára” ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Àbá mi ni pé kí a fi ipá sílẹ̀ fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, kí agbára jẹ́ ìwọ̀n bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ kíákíá tó, kí okun sì jẹ́ ohun tí a kó pamọ́ tí iṣẹ́ ń ná. N kò dá a sọ láti orí ara mi. Ẹni tí ebi pa, okun rẹ̀ ni ó tán. Ó jẹun, okun rẹ̀ padà. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní okun inú ni a fi ń gbé tìta. Ohun tí ó wà nínú ni ó ṣáájú, òun ni ó ń di ohun tí ó hàn níta. Kò sí bí onímọ̀ físíìsì ṣe lè tò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi “okun” ránṣẹ́ sí Houston tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ìyá náà fi pè mí. Ó ní kí ni òkun ń wá nínú mọ́tò? Fọ́ńtì orí gíláàsì náà kò ní àmì ohùn. “OKUN” ni ó hàn, ènìyàn sì lè kà á ní òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, tàbí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́. “Agbára” pàápàá, láìsí àmì, kò yàtọ̀ sí àgbàrá òjò. Ó tilẹ̀ burú ju báyìí lọ: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ tí ó ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀. Lẹ́tà náà ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì kékeré ni kò sì mọ bí a ti ń gbé e. Àwa tí a ń jókòó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìwé kì í sábà rò ó pé ibi tí a ó kọ ọ́ sí lè má gba àmì.

Ìyá náà ni ó yanjú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé títí pé òun kan náà ni ohun tí a ń san owó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mànàmáná, ó dá mi lóhùn pé, “Ṣé yúnìtì ni o ń wí láti ọjọ́ yìí?” Yúnìtì ni! Ẹni tí ó bá ti ra káàdì mítà iná ní Ìbàdàn mọ̀ pé yúnìtì a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, pé áyọ́ọ̀nù a máa jẹ ẹ́ ju gílóòbù lọ, pé kò sì lè padà di odo nítorí pé a pa fáànù. Yúnìtì kan sì ni kìlówáàtì-wákàtí kan, láìlé láìdín. Bí a bá yọ àmì ohùn orí rẹ̀, kò di ọ̀rọ̀ mìíràn.

N kò tìtorí èyí kọ okun sílẹ̀. Nínú ìwé tí àmì ohùn wà, okun ni ohun tí a ń wọ̀n, yúnìtì sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀, bí omi ti jẹ́ sí jálá. Ṣùgbọ́n lórí ojú-ìwọ̀n ọkọ̀, YUNITI ni kí a kọ, kí a sì kọ ILO sí ìlà òkè dípò agbára, nítorí ohun tí ọkọ̀ ń lò lọ́wọ́ ni. Ìlà kẹta sọ ìwọ̀n kíkún bátìrì ní ìdá ọgọ́rùn-ún, ìlà kẹrin sọ ìwọ̀n àyè rẹ̀, ìyẹn ni iye tí bátìrì ṣì lè gbà bí ó ti ń gbó. Àwọn wọ̀nyí kò yọ wá lẹ́nu, nítorí ìkòkò tí ó kún àti ìkòkò tí ẹrẹ̀ ti gba ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti yà sọ́tọ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ tí ń yí táyà a di ẹ̀rọ tí táyà ń yí, a sì máa dá okun padà sínú bátìrì. ILO a wá di nọ́ńbà tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí a máa pè é ní ìgbàpadà, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni ó ń hàn nínú rẹ̀, a kò sì lè yí orúkọ ìlà padà ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra. Ní báyìí, ọmọ wa ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di ewéko, ìyá rẹ̀ a sì máa sọ pé, “Ó ti ń dá ṣéńjì padà.”