Àrùn Kòrónà àti Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Accra

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí ìjọba Gánà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta, ọdún 2020. Nígbà tí àwọn tí ìdánwò àṣekágbá wọn kù sí dẹ̀dẹ̀ padà ní oṣù kẹfà, kíláàsì girama àgbà kò gbọdọ̀ ju ọmọ 25 lọ. Síbẹ̀, ní oṣù keje, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Accra Girls, àwọn òbí sì rọ́ dé ẹnu ọ̀nà láti kó ọmọ wọn lọ. Ta ni yóò bá wọn wí? Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé àrùn lọ bá ìyá àgbà nílé láìmọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi dá wọn dúró. Ti ọmọ tí ń ti ilé wá yàtọ̀: bí ibà tàbí ikọ́ bá mú un, kí ó jókòó sílé, kí òbí sì fi tó olùkọ́ létí, kí a má baà kà á mọ́ àwọn tí ń sá ilé-ẹ̀kọ́.