Ọmọ Tí Ètè Rẹ̀ Dà bí Aró

Ẹni tó bá ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ àwọ̀ aró tí a fi ń rẹ àdìrẹ. Aró yẹ aṣọ. Kò yẹ ètè ọmọ. Bí ètè àti ahọ́n ọmọ titun bá dà bí aró, tó ń mí gúlegúle, tí ọmú mímu ń rẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí a yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká, ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti gba afẹ́fẹ́. Iṣan mẹ́rin ló sábà ń kó o padà wá sí apá òsì, kí ọkàn lè fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ara.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣìnà láti inú oyún. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń dà sí, bí ẹni tó pọn omi tó tòrò tó lọ dà á sínú ìkòkò omi ìdọ̀tí. Ihò kan láàárín àwọn yàrá òkè ni àdàlù ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà dé òsì. Òun ló mú ọmọ náà wà láàyè. Láìsí ìtọ́jú, púpọ̀ nínú wọn kì í pé ọdún kan.

Mélòó nínú irú wọn ni a ti pè ní àbíkú, tí a sọ ní Málọmọ́, tí a sín ní gbẹ́rẹ́? Gbẹ́rẹ́ kò lè tún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ṣe.

Dókítà ní ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, tí a fi ń rí ibi tí iṣan ṣìnà sí. Oníṣẹ́ abẹ yóò so wọ́n mọ́ yàrá òkè apá òsì, yóò sì dí ihò náà. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rọ kan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà John Gibbon ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò ó yọrí lára ènìyàn ní 1953. Ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Udekwu àti Magdi Yacoub ṣí ọkàn ènìyàn ní Enugu, ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock, ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá rí aró lẹ́nu ọmọ, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sí Lántòrò tàbí Ìdí Àbà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè júwe ibi tó kù fún yín. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.